Fláàṣì kékeré orí kámẹ́rà rẹ: èwo ni kó o tẹ̀, nígbà wo?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ yìí rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo wà, mò ń bá àǹtí mi ya fọ́tò àdìrẹ ní ṣọ́ọ̀bù wọn n'Ítokù, àwọn èèyàn sì ti ń pè mí sí ìkómọ àti ọjọ́ ìbí báyìí. Nikon kékeré kan tó jẹ́ tòkunbọ̀ ni mo ní, lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá náà ni mo ń lò. Tí n bá ya fọ́tò lálẹ́, ojú àwọn èèyàn á funfun báláú, ẹ̀yìn wọn á dúdú bí ìgbà tí wọ́n dúró sínú kòtò, ojú àwọn mí-ìn á tún pọ́n. Lọ́sàn-án tí mo ya àwọn kan lórí Olúmọ, ńṣe ni ojú wọn ṣú lábẹ́ gèlè. Mo tẹ bọ́tìnnì fláàṣì yẹn, mo rí àmì mànàmáná, mo rí ojú, mo rí SLOW, mo rí REAR. Èwo ni kí n máa lò? Àbí kí n kúkú lọ ra fláàṣì ńlá?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ náà. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa fláàṣì yẹn tì, wọ́n á ní kò dáa, wọ́n á lọ jẹ gbèsè ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì lo èyí tó wà lọ́wọ́ wọn bó ṣe yẹ rí. Má tíì ra nǹkan kan. Jókòó, ká jọ tú u palẹ̀.

Kí n tó dárúkọ mode kankan (ìyẹn ọ̀nà tí fláàṣì lè gbà tàn), ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o dì mú, torí tí ìyẹn bá ti lè yé ẹ, gbogbo àmì tó ò ń rí yẹn á yé ẹ láìjẹ́ pé o há nǹkan kan sórí. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló máa ń wà nínú fọ́tò tó o bá fi fláàṣì yà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó o bá níbẹ̀, ìyẹn oòrùn, gílóòbù inú pálọ̀, iná tí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ tàn sábẹ́ kánópì, àbẹ́là orí kéèkì. Ìkejì ni èyí tí ìwọ fúnra ẹ gbé wá, ìyẹn fláàṣì. Fláàṣì ò pẹ́ rárá, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti tàn ó ti kú, kì í sábà ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, nítorí náà bóyá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá ni shutter ẹ (ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé) ṣí o, tàbí odidi ìṣẹ́jú àáyá kan, iye fláàṣì tó máa wọlé ò yí padà. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó o bá níbẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí shutter bá ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí ni tiẹ̀ ṣe máa wọlé tó. Ó túmọ̀ sí pé fláàṣì ló ni ẹni tó dúró níwájú ẹ, shutter ló ni ẹ̀yìn ẹni yẹn. Gbogbo mode tó wà lórí kámẹ́rà ẹ, bí wọ́n ṣe máa pín fọ́tò láàárín àwọn méjèèjì yìí náà ni wọ́n ń ṣe.

Wàyí o, kí ló dé tí ẹ̀yìn ń dúdú lálẹ́? Ìmọ́lẹ̀ fláàṣì kì í rìn jìnnà, kì í sì í rọra kú, wàrà ló máa ń tán. Tí ẹnì kan bá wà ní mítà 2 sí ẹ, tí ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ wà ní mítà 4, ìdá kan nínú mẹ́rin péré lára ìmọ́lẹ̀ tó bá ẹni yẹn ló máa bá ògiri. Tí ògiri bá wá jìnnà tó mítà 8, bó ṣe máa ń rí lábẹ́ kánópì, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ló máa kù. Kò sí bí ò ṣe ní dúdú. Kámẹ́rà tó wà ní AUTO sì ń bẹ̀rù kí ọwọ́ ẹ má mì, kì í jẹ́ kí shutter falẹ̀ ju bíi 1/60 lọ nígbà tí fláàṣì bá ṣí, torí náà gílóòbù àti iná tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ ò ráyè wọlé rárá.

Ojú tó ń funfun báláú ńkọ́? Kí fláàṣì gangan tó tàn, kámẹ́rà á kọ́kọ́ ju ìmọ́lẹ̀ kékeré kan sílẹ̀, ó yá débi pé ojú wa kì í sábà yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá padà wá bá a lára ìmọ́lẹ̀ yẹn ló fi ń wọn iye tó máa tan. Tí èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò bá jẹ́ òkùnkùn, tí ojú èèyàn kàn jẹ́ díẹ̀ láàárín ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó máa padà wá ò ní tó nǹkan, kámẹ́rà á rò pé ibẹ̀ ṣú jù, á wá da gbogbo agbára ẹ̀ lé ẹni tó wà níwájú lórí. Òdìkejì ẹ̀ náà wà. Gbé ẹnì kan tó wọ agbádá funfun báláú síwájú fláàṣì yẹn, aṣọ yẹn á da ìmọ́lẹ̀ padà púpọ̀, kámẹ́rà á ní ó ti tó, á dín in kù, agbádá á dà bí eérú, ojú baba á sì ṣú. Kámẹ́rà ò mọ̀ bóyá aṣọ ló ń wò tàbí èèyàn, ìwọ lo mọ̀.

Mo rántí ọjọ́ ìbí ọmọ kan tí mo yà ní Ìbarà, ọmọ náà pé ọdún 5. Wọ́n pa iná pálọ̀, wọ́n tan àbẹ́là márùn-ún sórí kéèkì, ọmọ yẹn fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ títí ó fi le bí àgbálùmọ̀, iná àbẹ́là yẹn wá ń tàn sí i lábẹ́ àgbọ̀n, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyá ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀ gẹ́lẹ́ tó ń pàtẹ́wọ́. AUTO ni kámẹ́rà mi wà. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa wo skríìnì, ọmọ yẹn funfun bí ẹni tí wọ́n da ẹfun sí lójú, iná àbẹ́là márààrún ti di òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ò ní àwọ̀ kankan, òkùnkùn sì ti gbé ìyá ẹ̀ mì pátápátá. Kí n tó tún nǹkan kan ṣe, ọmọ ti fẹ́ àbẹ́là pa. Lọ́jọ́ tí mo gbé fọ́tò lọ fún wọn, ohun tí ìyá yẹn kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èmi wá dà?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, torí mo rí i níbẹ̀, mo rí bí inú ẹ̀ ṣe ń dùn, èmi ni mi ò mú un. Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti jẹ́ kí kámẹ́rà bá mi yan fláàṣì níbi àbẹ́là mọ́.

Ohun tó yẹ kí n lò lọ́jọ́ yẹn ni SLOW, òun náà sì ni mo fẹ́ kó o fi ṣe ọ̀rẹ́ lálẹ́. SLOW ń sọ fún kámẹ́rà pé kó jẹ́ kí fláàṣì tan sí ẹni tó wà níwájú, àmọ́ kó jẹ́ kí shutter ṣí pẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn náà á fi wọlé. Gbé kámẹ́rà sí P tàbí A lórí wíìlì òkè (níbi tí kámẹ́rà ti ń bá ẹ yan shutter), di bọ́tìnnì fláàṣì mú kó o máa yí wíìlì ẹ̀yìn títí SLOW á fi jáde (ní àwọn kan, inú menu tó wà lójú skríìnì lo ti máa yàn án). Gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó) sí 800, tí ibẹ̀ bá ṣú gan-an gbé e dé 1600, má bẹ̀rù iyanrìn tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tí ISO ńlá ń fi sínú fọ́tò, fọ́tò tó ní iyanrìn díẹ̀ sàn ju fọ́tò tí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ò sí níbẹ̀ lọ. Ewu tó wà nínú SLOW ni pé tí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, kámẹ́rà lè gbé shutter dé ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsọ fún ẹ, ọwọ́ ẹ á mì, àwọn gílóòbù á fà bí ìlà, ẹni tó bá sì yí orí díẹ̀ á ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ìdí nìyẹn tí èmi fi fẹ́ràn kí n yan shutter fúnra mi. Gbé kámẹ́rà sí S, níbi tí ìwọ ti ń yan shutter, yan 1/20 tàbí 1/15, lo àmì mànàmáná lásán, o ti ṣe SLOW nìyẹn, ìwọ lo kàn ń darí ẹ̀. Má jẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu pé o ò ní rí SLOW nínú àmì tó wà ní S àti M, wọn ò fi í síbẹ̀ torí ọwọ́ ẹ ni shutter wà níbẹ̀. Fi ìgunpá méjèèjì ti ìhà ẹ, fara ti òpó tàbí ògiri tó o bá rí i, mí síta kó o tó tẹ̀ ẹ́. Tó o bá lọ yá Canon lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ kan, mọ̀ pé tiwọn yàtọ̀, tó o bá ti wà ní Av (òun ni A tiwọn) tó o sì ṣí fláàṣì, SLOW ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wọn ń ṣe láìjẹ́ pé o yan nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ló ń rí fọ́tò wọn tó ń mì níbẹ̀ tí wọn ò mọ ohun tó fà á.

Èkejì SLOW tí mi ò lè má sọ ni dídín agbára fláàṣì kù. Àmì kan wà tó ní mànàmáná pẹ̀lú + àti −, ní Nikon ó máa ń lọ láti −3 dé +1. Àwọn tó ń lo kámẹ́rà fún ọdún púpọ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn án rí pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí wọ́n bá ní kí n yan nǹkan kan ṣoṣo tí mo máa kọ́ onífọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, òun ni mo máa yàn. Lálẹ́ gbé e sí −0.7 tàbí −1, ojú tó ń funfun yẹn á rọlẹ̀, àwọ̀ ara á padà wá bó ṣe rí gan-an, dúdú á jẹ́ dúdú, pupa á jẹ́ pupa. Awọ ara wa máa ń dán tí òógùn tàbí òróró bá wà níbẹ̀, fláàṣì tó sì ń bọ̀ gbọnrangandan láti iwájú máa ń sọ ibi tó ń dán yẹn di àpá funfun níwájú orí àti lórí imú. Máa mú tíṣù sápò, kó o sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi nu iwájú orí díẹ̀, kí fọ́tò lè gbà yín dáadáa," kò sí màmá tí ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Tí ó bá wá jẹ́ baba alágbádá funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni wàá ti gbé e lọ sí +0.3 tàbí +0.7. Kó o má gbàgbé láti dá a padà sí 0 o, torí tó o bá pa kámẹ́rà, kò ní padà fúnra ẹ̀.

Ó yá, ká gun Olúmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ níbẹ̀ ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú òkùnkùn. O gbé àwọn èèyàn kọ ẹ̀yìn sí òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ gbòò, àpáta fúnra ẹ̀ ń dán, oòrùn wà ní àtàrí, gèlè wá dà bí agboòrùn, òjìji ẹ̀ bo ojú títí dé ètè. Kámẹ́rà wo gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn ó ní ó ti pọ̀, AUTO sì lè má tan fláàṣì torí kò rí ìdí tó fi máa tan án lọ́sàn-án. Ibí ni àmì mànàmáná lásán ti wúlò jù, òun ni mode tó ń fipá tan fláàṣì bóyá ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ni o tàbí ó ṣú. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní kí lò ń fi fláàṣì ṣe nínú oòrùn, àmọ́ inú oòrùn gan-an ni fláàṣì kékeré yìí ti ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ, ó máa ń wọ abẹ́ gèlè, ó máa ń fi ìràwọ̀ kékeré kan sínú ẹyinjú, ojú á sì jí.

Ṣùgbọ́n sún mọ́ wọn. Mo fẹ́ kó o rí ìṣirò yìí, torí òun ló máa gbà ẹ́ lọ́wọ́ ìjákulẹ̀. Gbogbo fláàṣì ló ní nọ́ńbà agbára tí wọ́n ń pè ní guide number. Ti Nikon D3100, D3200 àti D3300 jẹ́ nǹkan bíi 12 ní ISO 100, ti D3400 àti D3500 kéré sí i, ó jẹ́ nǹkan bíi 7. Mú nọ́ńbà yẹn, fi f tó o wà (nọ́ńbà ihò lẹ́ǹsì, bó bá ṣe tóbi tó ni ihò ṣe kéré tó) pín in, mítà tí fláàṣì ẹ lè dé ló máa jáde. Ní ọ̀sán gangan, ní ISO 100, kámẹ́rà kékeré ò ní jẹ́ kí shutter kọjá 1/200 tó o bá ń lo fláàṣì (àwọn mí-ìn máa ń dé 1/250), oòrùn yẹn á sì fipá gbé ẹ dé nǹkan bíi f/11. Fi 11 pín 12, mítà kan àti díẹ̀ péré ló kù. Lóòótọ́ tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ kí fláàṣì gbe oòrùn lẹ́sẹ̀ ni, kò nílò gbogbo agbára ẹ̀, mítà kan ààbọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìwọ tó o lọ dúró ní mítà 5 kí gbogbo àpáta lè wọlé, fláàṣì ẹ ò débẹ̀, bóyá o tan án tàbí o ò tan án ọ̀kan náà ni. Nítorí náà, ya èèyàn méjì tàbí mẹ́ta láti ìgbáyà sókè, súnmọ́ wọn, fláàṣì ní −1. Tí o bá fẹ́ odidi ẹbí lórí àpáta, dúró di nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀, wàá lè ṣí f sí 5.6, fláàṣì ẹ á dé ọ̀nà ìlọ́po méjì. Ìyẹn ló dáa jù lójú tèmi, òjìji àsìkò yẹn náà sì máa ń gùn lórí àpáta, ó máa ń rẹwà.

Ìṣirò kan náà ló máa sọ fún ẹ ìdí tí fláàṣì fi jẹ́ àṣedànù tó o bá jókòó lẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn ńlá, bíi ti June 12 Cultural Centre ní Kútọ̀, tó ò ń ya ẹni tó wà lórí pèpéle. Ní ISO 400 fláàṣì 12 yẹn ń dé nǹkan bíi mítà 4 ní f/5.6, ẹni tó ò ń yà sì wà ní mítà 20. Orí ẹni tó jókòó síwájú ẹ ló máa mọ́lẹ̀, gèlè ìyẹn ló máa gba gbogbo ẹ̀. Pa á, gbé ISO sókè, lo iná pèpéle.

Ojú tó ń pọ́n. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú máa ń ṣí gbayawu kó lè ríran, fláàṣì tó wà lórí kámẹ́rà sì súnmọ́ lẹ́ǹsì pẹ́kípẹ́kí, torí náà ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á gba ọmọlójú wọlé tààrà, á kan ẹ̀yìn inú ojú níbi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí, á sì padà bá ọ̀nà tó gbà wọlé jáde sínú lẹ́ǹsì ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni àwọ̀ pupa yẹn, kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe nǹkan mí-ìn táwọn kan máa ń sọ. Àmì ojú tó o rí yẹn wà fún un, ó máa ń tan iná kékeré kan iwájú kámẹ́rà fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí fláàṣì tó tan, kí ọmọlójú lè sún kì. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ràn ẹ̀, mo máa sọ ìdí. Àwọn èèyàn wa, tí wọ́n bá ti rí iná àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á rò pé o ti yà á tán, ẹ̀rín á kú, ọ̀kan á yíjú, ọmọ kékeré á sá lọ, ìgbà yẹn gan-an ni fláàṣì máa wá tan. Tó o bá máa lò ó, sọ fún wọn ṣáájú, "Iná ẹ̀ẹ̀kejì lẹ dúró dè o." Ohun tí èmi ń ṣe ni pé màá ní kí wọ́n tan gbogbo iná ilé, màá ní kí wọ́n wo etí mi dípò lẹ́ǹsì, màá sì sún mọ́ wọn dípò kí n máa zoom láti òkèèrè. Mẹ́ta yìí ń lé ojú pípọ́n lọ ju mode yẹn lọ.

REAR, tó jẹ́ àmì tó kù, má fi ṣe ohun tó ń kó ẹ láyà sókè. Tí shutter bá pẹ́ ní ṣíṣí, fláàṣì sábà máa ń tan ní ìbẹ̀rẹ̀, REAR ń ní kó tan ní ìparí. Tí èèyàn bá dúró jẹ́ẹ́ kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ tí ìyàwó bá ń jó bọ̀, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́jọdá ń tẹ̀ lé e, gbé S sí 1/8, yan REAR, aṣọ àti ọwọ́ wọn á fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn bí ìrù, ojú wọn á wá mọ́ kedere níwájú. Tó bá jẹ́ èyí tó ń tan ní ìbẹ̀rẹ̀ lo lò, ìrù yẹn á wà níwájú wọn, á dà bí ẹni tó ń jó padà sẹ́yìn. Mẹ́wàá lo máa yà kó o tó rí méjì tó dáa, mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó o sì ti ní fọ́tò gidi tí oníbàárà máa sanwó fún kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí dán èyí wò.

Fún àdìrẹ àǹtí ẹ, pa fláàṣì. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Aṣọ tí wọ́n fi òòlù igi lù títí tó fi ń dán, fláàṣì á kàn lé ibi kan funfun láàárín ẹ̀ ni, aró tó jinlẹ̀ á fò lọ, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ẹ̀kọ tàbí okùn ṣe tọ́sàn-tòru ò sì ní hàn bó ṣe rí. Gbé aṣọ yẹn wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, níbi tí oòrùn ò bá kàn án ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, na án sára pákó, wàá rí gbogbo ilà rẹ̀ bó ṣe dìde. Tó bá jẹ́ èèyàn ló wọ aṣọ yẹn tó sì dúró sínú ṣọ́ọ̀bù tí ìta ń mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ìgbà yẹn lo lè tan mànàmáná ní −1.3, kó kàn fọwọ́ tọ́ ojú ẹ̀ díẹ̀.

Àwọn kéékèèké tó kù rèé. Yọ ìbòrí iwájú lẹ́ǹsì, ìyẹn hood, kó o tó lo fláàṣì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji róbótó kan á jókòó sísàlẹ̀ fọ́tò, pàápàá tó o bá wà ní 18, ìyẹn tí o ò zoom rárá. Ẹni tó bá wọ jígí, ní kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ìwọ yà sápá kan. Fọ́tò inú férémù ara ògiri náà, má dúró kọjú sí i gbọnrangandan. Nígbà ọyẹ́, eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ níwájú lẹ́ǹsì á gba fláàṣì, á di àwọn róbótó funfun káàkiri fọ́tò, òjò winniwinni náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà ẹ́ pé ẹ̀mí ni. Fláàṣì sì ń jẹ bátìrì gan-an, gba èjì.

Lálẹ́ òní, tí iná ọba bá wà, gbé àga kan sí àárín pálọ̀, bẹ àǹtí ẹ kí wọ́n jókòó, kí gílóòbù kan wà lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, ìwọ dúró ní mítà 2. Ya ọ̀kan ní AUTO. Ya ọ̀kan ní S 1/60 pẹ̀lú mànàmáná, ISO 800. Ọ̀kan ní 1/15. Ọ̀kan ní 1/15 pẹ̀lú fláàṣì −1. Ìkẹyìn ní 1/15 láìsí fláàṣì rárá. Tò wọ́n síra lójú skríìnì kó o wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá rí ibi tí pálọ̀ ti ń yọ jáde láti inú òkùnkùn, wàá sì rí i pé kì í ṣe fláàṣì ló mú un jáde. Fọ́tò kẹrin yẹn, mo mọ̀ pé òun ni wọ́n máa ní kó o fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ní ti fláàṣì ńlá, dúró títí owó iṣẹ́ fi máa rà á fún ẹ, má yá owó. Lọ́jọ́ tó o bá máa rà á, ohun tó o ń sanwó fún kì í ṣe agbára nìkan, orí ẹ̀ tó ń yí ni. Tèyí tó wà lórí kámẹ́rà ẹ, iwájú nìkan ló mọ̀, òun ló fà á tí òjìji fi ń wà gàǹgà lára ògiri. Fláàṣì tó lè wo òkè, tó o bá kọ ọ́ sí àjà funfun, àjà yẹn á di ojú fèrèsé ńlá tó ń tan sórí gbogbo èèyàn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á rọ̀, òjìji á bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Títí di ìgbà yẹn, o lè fi káàdì funfun kan tó le díẹ̀ dá fláàṣì kékeré yẹn dúró, kó o dà á síwájú rẹ̀ ní ìdajì ìdúró ìdajì ìdùbúlẹ̀, kó lè ju ìmọ́lẹ̀ sókè, àmọ́ àjà gbọ́dọ̀ kúrú, ISO ẹ sì gbọ́dọ̀ tó 1600, torí púpọ̀ ló ń ṣòfò lọ́nà. Abẹ́ kánópì lo ti máa ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀. Wo àwọ̀ aṣọ tí wọ́n fi bo òkè kó o tó ju ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, tó bá jẹ́ búlúù, búlúù ni ojú gbogbo ẹbí máa dà.